Ojú Táyé Lábẹ́ Ọ̀dà Pupa

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, ní Ọjọ́bọ̀, nígbà tí Màámi gbé aṣọ méjì wọ inú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò bàbá bàbá mi ní Ìrẹ̀mọ, tí wọ́n tẹ́ wọn sórí tábìlì níwájú mi. Aago náà dá mi lójú nítorí pé mo ń wo aago ara ògiri lọ́wọ́. Bí àyà mi bá ń já, aago ni mo máa ń wò. Ọjọ́ kẹsàn-án tí a sin Bàbá nìyẹn. Aṣọ méjèèjì dọ́gba: àǹkárá aláwọ̀ ewé kan náà, ọrùn kan náà, bọ́tìnnì mẹ́ta mẹ́ta lẹ́yìn.

Màámi ní, "Kẹ́hìndé, ọjọ́ ìbí yín ku ọjọ́ mẹ́jọ. Bàbá ti lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ẹ níṣẹ́. Ìwọ ni wàá ya ti ọdún yìí."

"Yín" ni wọ́n wí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, èmi nìkan ṣoṣo ni wọ́n ní.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀, ìbejì ni mí. Ibà ọjọ́ méjì péré ló mú Táyé lọ. Láyé àtijọ́, ère ni wọn ì bá gbẹ́ fún un kí ó má baà bínú sí èmi tí mo kù. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni Màámi, pásítọ̀ wọn kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ère. Kò sí ẹni tó sọ pé fọ́tò kò dára. Nítorí náà wọ́n ṣe bí ọ̀pọ̀ ìyá ìbejì ti ń ṣe: wọn á gbé ọmọ tó kù jókòó sí apá ọ̀tún àga, wọn á yà á, wọn á tún gbé e sí apá òsì, wọn á tún yà á. Nínú yàrá òkùnkùn, onífọ́tò á fi páálí dúdú bo ìdajì bébà, á tẹ ti ọ̀tún. Á wá bo ti ọ̀tún, á tẹ ti òsì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dá, ojú kankan kò ní rí ibi tó ti so wọ́n pọ̀. Ọmọ kan á di méjì. Àwọn ìyá mìíràn máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wọn á gbé e kọ́ ògiri, ó parí. Ogún ọdún ni wọ́n fi ṣe tiwa, lọ́dọọdún, Bàbá ló sì ya gbogbo rẹ̀.

Mo fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹ kò lè dá mi lóhùn bí ẹ kò bá mọ irú ẹni tí Bàbá jẹ́. N kò ní ka ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú, mo jókòó síbẹ̀, n kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní Bàbá jẹ́ onínúure. Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, wọ́n sì sọ ọ́ di ikọ́.

Èékánná Bàbá kì í funfun. Oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò ti sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀ láti ìgbà tí bàbá mi wà lọ́mọdé. Abẹ fífẹ́lẹ́ kan máa ń wà nínú fìlà wọn, tí wọ́n fi bébà wé. Ìwà wọn kan tó máa ń ba àwọn àlejò lẹ́rù nìyí: bí o bá kí wọn, wọn kò ní dáhùn, wọn á gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, wọn á fi bo ìdajì ojú rẹ láti òkèèrè, wọn á tún fi bo ìdajì kejì. Ojú rẹ ni wọ́n ń pín. Ìyàwó tuntun kan wá láti Ìlárè pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ láti ya fọ́tò, ọmọbìnrin arẹwà tí ìtìjú ń ṣe. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Bàbá bo òsì, wọ́n bo ọ̀tún, wọ́n kọjú sí ọkọ.

"Nígbà tí ẹ bá délé, apá òsì rẹ̀ ni kí o máa sùn sí. Ibẹ̀ ló dára."

Ọmọbìnrin náà kò rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò yẹn. Èmi ni mo bá wọn gbé e lọ sílé, ó sì bi mí ní ẹnu ọ̀nà pé apá ọ̀tún òun ńkọ́, kí ló ṣe é. Títí di òní, bí mo bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, apá òsì ló máa ń kọ sí mi.

Àwọn èèyàn ń bọ̀ síbẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Fọ́tò aláwọ̀ ti gba ìlú kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé fíìmù wọn lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò ní Mayfair, láàárín wákàtí kan ó ti jáde, ó ń dán. Mo sọ fún Bàbá pé kí a ra irú ẹ̀rọ yẹn. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí a máa ta epo.

"Ẹ̀rọ yẹn ń fún gbogbo ojú ní ìmọ́lẹ̀ kan náà," ni wọ́n wí. "Ta ló sọ fún un pé gbogbo ojú ló tọ́ sí i?"

Tẹ́lọ̀ kan wà tó gbé nẹ́gẹ́tíìfù wá, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò jáde, ti ìsìnkú ìyá rẹ̀ tí Bàbá fúnra wọn yà. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dúró ti pósí, ọ̀kan lápá ìhín, ọ̀kan lápá ọ̀hún. Wọ́n ti wá ń bá ara wọn jà lórí ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi yọ ẹni tó ń ba fọ́tò yìí jẹ́ kúrò."

"Èwo ni?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, Bàbá. Ẹ ó mọ̀ ọ́n."

Bàbá mú búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín, wọ́n tì í bọ inú ọ̀dà pupa. Ìmọ́lẹ̀ kì í gba inú ọ̀dà yẹn kọjá. Ibikíbi tí o bá fi kùn lára nẹ́gẹ́tíìfù, funfun lásán ni yóò jáde lórí bébà. Ọjọ́ kẹta, tẹ́lọ̀ padà wá. Ó ṣí àpòòwé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló dúró ti òkú ìyá wọn. Níbi tí òun dúró sí, ihò funfun kan ló wà níbẹ̀, tó ní èjìká, tó ní fìlà.

Ó pariwo. Ó ní kí ni èyí, ó ní òun ni wọ́n yọ!

Bàbá ò tiẹ̀ dìde. "Ẹ ní kí n wò ó. Mo wò ó. Ẹ̀gbọ́n yín ń sunkún níbẹ̀. Ẹ̀yin ń wo kámẹ́rà."

Lẹ́yìn náà wọ́n rẹ òwú sínú omi, wọ́n fi nu nẹ́gẹ́tíìfù náà lójú rẹ̀, ọ̀dà sì ṣí kúrò bí ìdọ̀tí. Wọ́n gbé e sókè sí fèrèsé. Tẹ́lọ̀ tún wà níbẹ̀, odindi. Wọ́n ní, "Ẹ kú àjíǹde. Ẹ máa lọ."

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ìgbà ni mo ń sunkún. Ọ̀rọ̀ wọn máa ń dùn mọ́ mi bí ó bá jẹ́ ara ẹlòmíràn ló ń gún. Ìgbà tí ó bá kàn mí ni mo ń rí i pé abẹ ni.

Èmi náà kọ́ iṣẹ́ òkùnkùn yẹn, láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Lórí bébà fọ́tò, ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ nǹkan di dúdú. Bí ó bá ṣe pẹ́ tó níbì kan ni ibẹ̀ ṣe ń dúdú tó. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ kí ojú ẹnì kan mọ́ ju ti ìyókù lọ, wàá gé páálí kékeré bí ojú náà ṣe rí, wàá so ó mọ́ wáyà, wàá gbé e sí ojú ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wàá sì máa mì í, kí etí rẹ̀ má baà hàn. Ìyókù fọ́tò á máa dúdú lọ, ojú yẹn nìkan kò ní gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Bí etí páálí bá hàn, rúlà Bàbá á bà lé eegun ìka mi nínú òkùnkùn, wọn kì í tàsé. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń rí ìka mi.

Wọn á ní, "Ohun tí o bá bò ló máa mọ́. Ohun tí o bá fi sílẹ̀ ni yóò jóná."

Lọ́dọọdún, wọn á gé páálí tuntun fún ojú Táyé. Wọn kò gé ti èmi rí. Ojú mi lápá ọ̀tún, wọn á fi sílẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ ṣe é bó ṣe fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé nínú gbogbo fọ́tò wa, Táyé pupa, ó ń dán, èmi sì dúdú bí ẹni tó ti oko dé. Àwọn tó bá wá kí Màámi á dúró níwájú ògiri, wọn á ní, "Ẹ wo Táyé, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́! Kẹ́hìndé ló jọ bàbá rẹ̀." Èmi á sì dúró lẹ́yìn wọn, èmi tí mo jókòó lápá méjèèjì. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé irú owú yẹn fún yín. Ẹni tí mò ń jowú kò sí, ojú tí mò ń jowú sì jẹ́ tèmi.

Táyé gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Òfin Bàbá nìyẹn. Bí mo bá jókòó lápá ọ̀tún, mo lè fajú ro, kò kàn wọ́n. Bí mo bá ti bọ́ sí apá òsì, wọn á ti inú aṣọ dúdú kámẹ́rà pariwo: "Ẹ̀rín! Ìyá rẹ kò wá wo ìbànújẹ́." Bí n kò bá tètè rẹ́rìn-ín, wọn á yọ orí síta.

"Ìwọ lo rán an síwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò. Ó tọ́ ọ wò, ó rí i pé kò dùn, ó padà. Ìwọ ni o kò gbọ́."

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí mo kọ̀. Mo bọ́ sí apá òsì, mo di ẹnu mi pọ̀, mo ní n kò rẹ́rìn-ín mọ́, pé èmi náà ní ọjọ́ ìbí. Mo ti retí rúlà. Bàbá padà sínú aṣọ dúdú kámẹ́rà. Wọ́n yà á bẹ́ẹ̀, wọ́n wọ yàrá òkùnkùn lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé fọ́tò náà fún Màámi nínú férémù. Èmi wà lápá ọ̀tún. Apá òsì dúdú bíi kóro iṣin. Wọn kò fi páálí bo ibẹ̀ rárá. Wọ́n jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ jó o.

Màámi ní, "Bàbá, Táyé dà?"

"Kẹ́hìndé ní kó má wá."

Màámi kò bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n dùbúlẹ̀, wọn kò jẹun ní ọjọ́ yẹn, wọn kò jẹun ní ọjọ́ kejì. Bàbá mi wà ní Kàdúná níbi iṣẹ́, kò sí ẹni tí mo lè sọ fún. Ní ọjọ́ kẹta mo wọ aṣọ náà, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yà mí. Wọ́n mú mi jókòó lápá òsì. Mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń dùn mí, omi sì ń bọ́ lójú mi. Wọ́n dúró títí tí omi fi gbẹ, kí wọ́n tó tẹ kámẹ́rà.

"Ṣé o ti wá rí i?" ni wọ́n wí. "Kì í ṣe èmi lò ń rẹ́rìn-ín fún."

Láti ọjọ́ yẹn, n kò kọ̀ mọ́. Mo jáde yunifásítì, mo sin ìlú lọ́nà jíjìn, mo sì wọ mọ́tò padà wá ní ọjọ́ ìbí wa láti wá rẹ́rìn-ín. Mo padà délé láìníṣẹ́, mo sì rẹ́rìn-ín ti ọdún yẹn náà. Lárààárọ̀, Màámi á dúró níwájú fọ́tò, wọn á ní, "Táyé mi, ṣé o jí dáadáa?" Ojú mi ni wọ́n ń kí. Èmi náà á kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, "Ẹ káàárọ̀, mà," wọn á sì ní kí n lọ gbé omi kaná.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí Bàbá kú. Ọ̀sán ni, mò ń fi ṣíbí fún wọn ní ẹ̀kọ lórí ibùsùn. Ohùn wọn ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ahọ́n wọn mú síbẹ̀. N kò mọ ohun tó kì mí láyà tí mo fi béèrè.

"Bàbá, ṣé kò sí fọ́tò kankan tí èmi àti Táyé wà pọ̀, nígbà tó wà láyé?"

Wọ́n gbé ẹ̀kọ mì. "Ó wà."

"Níbo, Bàbá?"

"Mo ti bò ó."

"Kí ló dé?"

"Ẹ ò jọra." Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, wọ́n fi bo ìdajì ojú mi bí ìṣe wọn. "Táyé lẹ́wà. Bí ó bá ti wà nítòsí, ìyá rẹ kì í rí ọ. Nígbà tó kú, ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi fún ọ lóúnjẹ. Ó ń wò ọ́ bí ẹni pé ìwọ lo pa á. Èmi ni mo jókòó tì ọ́ tí mò ń fún ọ ní ẹ̀kọ, bí o ṣe ń ṣe yìí."

Mo fi ṣíbí sínú abọ́ ẹ̀kọ.

"Mo rò ó pé bí ó bá ń rí ojú ọmọ yẹn, yóò pa ọ́. Mo bo ojú náà. Mo fún un ní ojú mìíràn tí yóò máa fẹ́ràn."

"Ojú ta ni, Bàbá?"

"Ojú ta lo rò?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo fẹ́ di ọwọ́ wọn mú, nítorí pé mo rò pé èyí ni ọ̀rọ̀ tí mo ti ń dúró dè láti ogún ọdún wá, pé wọ́n ti ń bò mí láti ọjọ́ yìí wá, bí páálí orí wáyà. Wọ́n fa ọwọ́ wọn kúrò.

"Má dúpẹ́. Ojú náà kò dára. Mo kàn tún un ṣe ni."

Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo rí i, nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ àgbá omi yàrá òkùnkùn. Páálí ojú ogún ló wà nínú rẹ̀, a kọ ọdún sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó kéré bí owó ẹyọ títí dé èyí tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mo tò wọ́n sílẹ̀, mo rí bí ojú mi ṣe ń dàgbà. Nísàlẹ̀ gbogbo wọn, nẹ́gẹ́tíìfù kan wà nínú bébà. Ọmọ méjì jókòó lórí àga, ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀. Ọ̀kan ni èmi. Mo mọ etí mi. Ọmọ kejì di ọwọ́ mi mú. Níbi tí ojú rẹ̀ yẹ kó wà, ọ̀dà pupa ni, yíká rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò fi ibì kan kọjá àlà.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí rèé. Bàbá fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ohun tí yóò dun ènìyàn. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òtítọ́ ni wọ́n sọ lórí ibùsùn. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi abẹ kan ṣoṣo gé èmi àti Màámi, kí wọ́n tó lọ. Nẹ́gẹ́tíìfù yìí nìkan ló mọ̀. Bí ojú tó wà lábẹ́ ọ̀dà bá jọ tèmi, irọ́ ni wọ́n pa. Bí kò bá jọ ọ́, Màámi ti gbàgbé ojú ọmọ wọn, ogún ọdún ni wọ́n ti ń kí ẹlòmíràn, èmi sì ni ẹlòmíràn yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí mo wí, tí Màámi tẹ́ aṣọ méjèèjì síwájú mi, mo gbìyànjú. Mo rọra béèrè, mo ń tò bọ́tìnnì aṣọ kí ojú wa má baà ṣe mẹ́rin.

"Màámi, ṣé èmi àti Táyé jọra gan-an?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé o kì í wo fọ́tò ni?"

Wọ́n fọwọ́ kan aṣọ tó wà lápá òsì, wọ́n tẹ́ ẹ dáadáa, wọ́n sì lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá sí i. Bí mo bá ya fọ́tò ti ọdún yìí, èmi náà ni yóò gé páálí, èmi ni yóò bo ojú ara mi pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, n ó sì di Bàbá. Bí n kò bá yà á, mo mọ bí ọjọ́ mẹ́ta yẹn ṣe rí, Màámi kò sì lágbára bíi ti ìgbà yẹn mọ́. Bí mo bá fọ nẹ́gẹ́tíìfù tí mo sì gbé ojú Táyé gangan fún wọn, wọ́n lè sunkún ayọ̀. Wọ́n sì tún lè wo ògiri, kí wọ́n wo èmi, kí wọ́n wá rántí ẹni tí wọn kò fún lóúnjẹ ní ọjọ́ mẹ́rin. Mo ń tijú láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé wọn kò ní kí ojú mi láàárọ̀ mọ́, ní orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti sin ọmọ, ṣé ẹ ó fẹ́ rí i? Ẹ̀yin ìbejì tí ẹ ṣẹ́kù, kí ni ẹ ṣe ní tiyín? Ọjọ́ mẹ́jọ ti di márùn-ún. Aṣọ méjèèjì wà lórí ìkọ́, nẹ́gẹ́tíìfù wà lójú fèrèsé, mo sì ti rẹ òwú sínú omi láti àárọ̀. Ṣé kí n nù ún?